Èrò Ìkòtún, Iná àti Òòfà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó ní Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Èrò ń lọ síwájú, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń tì wọ́n láti apá kan. Kó tó pẹ́, gbogbo wọn á ti wọ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

Ohun tí Edwin Hall rí nìyẹn ní 1879, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Yunifásítì Johns Hopkins, Amẹ́ríkà. Ó fi iná sínú wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbé e sáàárín òòfà, ni iná bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò tíì mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nígbà yẹn o! 1897 ni Thomson tó rí i.

Ní 1930, Lev Landau fi ìṣirò hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń yípo nínú òòfà ò lè ní agbára tó bá ṣáà wù ú. Bí àtẹ̀gùn ló rí: o wà lórí ìkejì tàbí ìkẹta, kò sí ìkejì àti ààbọ̀.

Àádọ́ta ọdún kọjá. Lóru ọjọ́ kan ní February 1980, ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, Klaus von Klitzing, ará Jámánì, rí ipa àtẹ̀gùn yẹn nínú sílíkọ́ọ̀nù tó tutù nini. Resistance ń dúró lórí ìpele: 25,812.8 ohm, tàbí ká pín in sí 2, sí 3, sí 4. Bí sílíkọ́ọ̀nù ọ̀hún tiẹ̀ ní àbùkù díẹ̀, iye yẹn ò yẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985. Láti 1990 ni wọ́n ti ń fi iye yìí wọn ohm káàkiri ayé.

Ọjọ́ Ajé ni a máa fi àkòrí project sílẹ̀. Mo sọ èyí fún màámi nílé wa ní Ìgándò. Wọ́n ní, "Ilé tí kò níná, níbo lo ti fẹ́ rí òòfà ńlá?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Òru ni mo tó rántí pé bírò àti ìwé ti tó fún ìṣirò bíi ti Landau. Ìṣirò náà ni Samuel Mensah ti Yunifásítì Cape Coast àti Francis Allotey, ọmọ Ghana méjèèjì, fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, lórí bí ìró àti òòfà ṣe ń darí iná nínú semiconductor onípele-ńpele. Ghana níbí yìí!

Mo jí màámi, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí títí. "Ó dáa. Ṣáà má lo epo jẹnẹrétọ̀ mi tán."

Mo ti kọ àkòrí náà sílẹ̀.