Ọ̀wọ́ Tí Kò Lópin: Ìtàn Ìṣirò Kan láti Ọwọ́ Newton dé Ìlọrin

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tó jẹ́ pé bí ó ṣe ń yí padà ni a mọ̀, a kò mọ iye rẹ̀ gan-an. Omi tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ń tutù: bí ó bá ṣe gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń yára tutù tó. Ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, bí wọ́n bá rin pákí, tí wọ́n dì í sínú àpò, tí wọ́n sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á kọ́kọ́ máa jáde wàràwàrà, lẹ́yìn náà á máa falẹ̀ bí àpò náà ti ń gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò mọ ìgbà tí yóò tó gbé e sórí agbada ní láti ti ara bí omi ṣe ń jáde mọ iye omi tó kù. Ìdọ́gba tó so iye nǹkan pọ̀ mọ́ bí nǹkan náà ṣe ń yára yí padà ni mo máa pè ní ìdọ́gba ìyípadà níhìn-ín.

Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni a lè rí ìdáhùn rẹ̀ kọ sílẹ̀ lójú kan kó tán. Èyí tó pọ̀ jù kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ sì ń ṣe láti nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn ni pé wọ́n ń kọ ìdáhùn náà ní ọ̀wọ́: ẹyọ kan, a fi òmíràn lé e, a yọ òmíràn kúrò, títí lọ. Ọgbọ́n yìí kò ní jẹ́ àjèjì sí ẹni tó mọ òǹkà Yorùbá. Láti ka márùndínláàádọ́ta, ọgọ́ta ni a mú, a yọ mẹ́wàá kúrò kó di àádọ́ta, a tún yọ márùn-ún. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tóbi, ó kọjá ibi tí à ń lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e kéré sí i, ó ń fà wá padà. Òǹkà tiwa ń débi kan dúró ṣá. Ọ̀wọ́ ìdọ́gba ìyípadà lè máà dúró láé, àwa ni a ó pinnu ibi tí a ó ti gé e, ohun tí a bá sì gé sọnù ni àṣẹ́kù. Lójú tèmi, gbogbo ìtàn ọ̀nà yìí kò ju ìtàn ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan fi àṣẹ́kù náà ṣe.

Ní ọdún 1671, Isaac Newton kọ ìwé kan lórí irú ìdọ́gba yìí. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1736, ó sì ti kú láti 1727. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ rẹ̀, bí a bá fi àmì òde òní kọ ọ́, ni y′ = 1 − 3x + y + x² + xy, pẹ̀lú y = 0 níbi tí x ti jẹ́ 0; y′ dúró fún bí y ṣe ń yára yí padà. Ìdáhùn tó rí ni

y = x − x² + x³/3 − x⁴/6 + x⁵/30 − x⁶/45 ...

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti kọ́ ìṣirò dífárénsíà ní girama lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń bí èyí tó tẹ̀ lé e: a fi ohun tí a ti rí sínú ọwọ́ ọ̀tún ìdọ́gba, ọwọ́ òsì sì sọ iye tó kàn. Brook Taylor tẹ ìlànà gbogbogbòò fún irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1715, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Kí a má sì rò pé Yúróòpù nìkan ló ni ín: ilé ẹ̀kọ́ Mādhava ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ti kọ ọ̀wọ́ fún sáìnì àti kósáìnì ṣáájú Newton, nígbà tí wọ́n ń tọpa ìràwọ̀.

Newton kò da ara rẹ̀ láàmú púpọ̀ nípa àṣẹ́kù. Bí ẹyọ bá ti ń kéré, ó ti tó. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá dáadáa kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀rí pé ọ̀wọ́ náà ń lọ sí ibì kan ní tòótọ́. Augustin-Louis Cauchy ló mú ẹ̀rí wá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Sofia Kovalevskaya mú un gbòòrò ní 1875. Georg Frobenius, ní 1873, tún èyí tí Lazarus Fuchs ti bẹ̀rẹ̀ ṣe, ó sì fi hàn bí a ṣe lè kọ ọ̀wọ́ níbi tí ìdọ́gba fúnra rẹ̀ ti fẹ́ fọ́, irú bí ibi tí a ti ń fi òdo pín. Émile Picard náà mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá ní 1890. Henri Poincaré ló sọ èyí tó yani lẹ́nu jù. Ní 1886, ó fi hàn pé ọ̀wọ́ kan lè máà já síbì kankan, kí ẹyọ rẹ̀ máa tóbi sí i lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, síbẹ̀ kí ìwọ̀nba díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ fúnni ní ìdáhùn tó dára. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí yóò dúró ló jèrè.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Carl Runge ní 1895 àti Wilhelm Kutta ní 1901 rí i pé a lè rí iye tí ọ̀wọ́ Taylor ń fúnni láìjẹ́ pé a jìyà wíwá dífárénsíà léraléra. Ọ̀nà tiwọn ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ń kọ́ ọmọ jù lónìí, ṣùgbọ́n tábìlì iye ló ń mú jáde, kì í ṣe ìdáhùn tí a lè kọ sílẹ̀ kí a sì fi wá iye níbikíbi tó bá wù wá.

Cornelius Lanczos ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọmọ Họ́ńgárì ni, wọ́n bí i ní 1893. Ó ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Einstein ní Berlin ní 1928 sí 1929 kó tó kó lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1938, ọwọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń ṣírò, ẹyọ kan tí a bá fi kún ọ̀wọ́ sì lè gba odidi ọjọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: bí ó bá jẹ́ ẹyọ mẹ́ta péré ni agbára wa ká, ẹyọ mẹ́ta wo ló dára jù?

Ẹ jẹ́ ká fi omi tó ń tutù yẹn ṣe é. Kí y jẹ́ bí ooru rẹ̀ ṣe ju ti afẹ́fẹ́ lọ, kí a sì yan òṣùwọ̀n tó rọrùn; ìdọ́gba rẹ̀ á di y′ + y = 0, y sì jẹ́ 1 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́ Taylor ni 1 − x + x²/2 − x³/6 ... Bí a bá gé e lẹ́yìn x², iye y nígbà tí x bá jẹ́ 1 yóò jẹ́ 0.5. Iye tòótọ́ ni 0.3679. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe kò sí rárá. Níparí, ó ti di 0.13. Gbogbo rẹ̀ kóra jọ sí òpin kan.

Lanczos ní kí a má ṣe gé ọ̀wọ́, ìdọ́gba ni kí a fọwọ́ kàn díẹ̀. Dípò òdo tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi τ(8x² − 8x + 1) síbẹ̀. Ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pọlinómíà tí Pafnuty Chebyshev, ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1854. Ìwà rẹ̀ ni pé láti x = 0 dé x = 1, ó ń fì láàárín −1 àti 1 láìyà sí ibì kan ju ibòmíràn lọ. Bí a bá wá kọ y = 1 + ax + bx² tí a fi í sínú ìdọ́gba, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ṣẹ: b = 8τ, a + 2b = −8τ, 1 + a = τ. Láti inú wọn ni τ = 0.04, a = −0.96, b = 0.32. Nígbà tí x bá jẹ́ 1, y á jẹ́ 0.36.

Ẹyọ mẹ́ta kan náà ni, iye tó wà níwájú wọn ni a yí padà, àṣìṣe ibẹ̀ sì rá láti 0.13 sí nǹkan bí 0.008. Àṣẹ́kù kò lọ síbì kankan. A kàn pín in kárí ni, kí ó má baà di ẹrù ìparí nìkan. Lẹ́tà Gíríìkì τ tó dúró fún ìfọwọ́kàn náà ni wọ́n fi sọ ọ̀nà yìí ní ọ̀nà Tau.

Nàìjíríà ti ní onímọ̀ ìdọ́gba ìyípadà kí ọ̀nà Tau tó dé ọ̀dọ̀ wa. Chike Obi, tí wọ́n bí ní Sàríyà ní 1921, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1950, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn ìdọ́gba tí ìdáhùn wọn ń yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí Mary Cartwright àti J. E. Littlewood ti ń bá jìjàkadì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nítorí ẹ̀rọ rédíò. James Ezeilo gba tirẹ̀ ní Cambridge ní 1959, ó sì kọ́ni ní Ìbàdàn. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ìdáhùn wà, bóyá ó dúró sójú kan. Iye rẹ̀ gan-an kò jẹ wọ́n lógún bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó mú ìbéèrè nípa iye wá sílé ni Peter Onumanyi. Ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, Eduardo Ortiz, ọmọ Ajẹntínà, ti sọ ọ̀nà Lanczos di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1969. Onumanyi bá a ṣiṣẹ́. Ní 1984 àwọn méjèèjì tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Mathematics of Computation, lórí àwọn ìdọ́gba olóríkunkun: èyí tí apá kan ìdáhùn rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí apá kejì ń rìn jẹ́jẹ́. Ọgbọ́n wọn ni pé kí a gé ojú ọ̀nà sí wẹ́wẹ́, kí a fún ègé kọ̀ọ̀kan ní pọlinómíà kékeré tirẹ̀, kí ègé sì kúrú níbi tí ìdáhùn bá ti ń sáré.

Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ni ọ̀nà yìí ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ti Èjìgbò gba Ògbómọ̀ṣọ́, iwájú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni Ìlọrin wà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìwọ̀nba ènìyàn ní agbègbè wa ló mọ̀ pé ohun tí ará Họ́ńgárì kan gbé jáde ní 1938 rí ọmọ rere tọ́jú rẹ̀ nítòsí bẹ́ẹ̀. R. B. Adeniyi àti Onumanyi tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1991 lórí bí a ṣe lè wọn àṣìṣe ọ̀nà Tau. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ló wúlò jù nínú gbogbo wọn. Láti wọn àṣìṣe nígbà tí a kò mọ ìdáhùn tòótọ́ ni wàhálà, wọ́n sì rí i pé a lè fi ọ̀nà Tau kan náà kọ ìdọ́gba fún àṣìṣe fúnra rẹ̀, kí a sì wá ìdáhùn sí òun náà.

Ní Yunifásítì Bìní, Simeon Ola Fatunla ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìdáhùn tó ń fì bí jangilófà, tàbí tó ń rá lójijì, kì í bá pọlinómíà lásán mu, ó ní kí a fi ohun tó jọ ọ́ bá a lò. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí èyí jáde ní 1980. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìṣirò ìdọ́gba ìyípadà jáde lọ́dọ̀ Academic Press ní 1988.

Lákòókò yẹn náà ni George Adomian ń gbé ọ̀nà ọlọ́wọ̀ọ́ mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, J. K. Zhou ní Ṣáínà sì gbé ti differential transform jáde ní 1986. Méjèèjì gbilẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa nítorí pé wọ́n rọrùn láti kọ́. Ti Zhou ní pàtàkì, ọ̀wọ́ Taylor ló wọ aṣọ tuntun: bí ẹ bá fi ṣe àpẹẹrẹ Newton òkè yẹn, 1, −1, 1/3, −1/6 kan náà ni yóò bí, àṣìṣe rẹ̀ á sì tún kóra jọ síparí gẹ́gẹ́ bíi ti Taylor.

Ní 1994, Onumanyi, D. O. Awoyemi, S. N. Jator àti U. W. Sirisena tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìṣirò Nàìjíríà, tó so ọ̀nà pọlinómíà àti ọ̀nà ìgbésẹ̀ pọ̀. Wọ́n kọ ìdáhùn ní pọlinómíà bí ti Lanczos, wọ́n ní kí ó tẹ́ ìdọ́gba lọ́rùn ní ojú ibi mélòó kan tí wọ́n yàn, ohun tó sì jáde jẹ́ ọ̀nà tó ń rìn ní ìgbésẹ̀, tí a tún lè fi mọ iye tó wà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. Awoyemi gbé e lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti fi í ṣe ìdọ́gba onípele kejì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìkọ́kọ́ fọ́ ọ sí kéékèèké. Jator gbé e dé Austin Peay State University ní Tennessee.

Láti ìgbà náà, àwọn iṣẹ́ tó jáde lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà kò níye. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn yí ojú ibi tí wọ́n yàn padà ni, wọ́n sì dán an wò lórí àwọn ìdọ́gba tí gbogbo ayé ti mọ ìdáhùn rẹ̀, kí wọ́n lè kọ àṣìṣe sínú tábìlì. Pákí inú àpò kò ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí a lè fi wé, ìdí nìyẹn tí n kò fi yé ka iṣẹ́ 1991 yẹn sí.