Ìlà Tí McMahon Fà: Íńdíà, Ṣáínà àti Ogun Ọdún 1962

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, Jawaharlal Nehru, Olóòtú Ìjọba ilẹ̀ Íńdíà, ṣe àbẹ̀wò sí Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè tó gbà á lálejò kò tíì pé ọdún méjì tó gba òmìnira, àgbà tí àwọn olóṣèlú Áfíríkà ń wò kọ́ ìwà sì ni wọ́n ka àlejò náà sí. Láti ìpàdé àwọn olórí Commonwealth ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Thag La, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àgọ́ kékeré kan tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà pa sí Dhola ká. Ìròyìn náà bá Nehru lẹ́yìn odi, kò sì torí rẹ̀ gé ìrìn-àjò rẹ̀ kúrú. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè méjì tí èèyàn wọn pọ̀ jù lọ láyé.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju ọdún yẹn lọ. Ní ọdún 1913 àti 1914, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, aṣojú Tibet àti aṣojú Ṣáínà jọ ṣèpàdé ní Simla. Henry McMahon ló ṣáájú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1914, òun àti aṣojú Tibet fẹnu kò lórí ìlà kan tó gba orí àwọn òkè Himalaya kọjá fún nǹkan bí 890 kìlómítà. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìlà yìí lọ Ṣáínà, ìjọba Ṣáínà sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí ìpàdé náà bí. Orí àwòrán ilẹ̀ tí ínǹṣì kan dúró fún máìlì mẹ́jọ ni wọ́n fa ìlà náà sí. Bí ojú kálàmù bá fi díẹ̀ nípọn, odindi òkè lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Thag La nìyẹn: bí a bá tẹ̀ lé ìlà orí ìwé, Tibet ló ni ín; bí a bá sì tẹ̀ lé ìlànà tí Íńdíà ní McMahon ní lọ́kàn, pé ṣóńṣó orí òkè tó ga jù ni ààlà, Íńdíà ló ni ín. Irú ìwé báyìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà. Oṣù Kẹta ọdún 1913 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fọwọ́ sí àdéhùn tó gbé Bakassi sí apá Kamẹrúùnù, òun sì ni ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà ní ọdún 2002.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn, ní Ladakh, ìlà tí ẹnikẹ́ni fẹnu kò lé lórí kò tilẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Aksai Chin wà, aṣálẹ̀ olókè tó tó nǹkan bí 38,000 kìlómítà níbùú lóròó, tí koríko kì í fẹ́ẹ́ hù níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ síbẹ̀ láyé wọn. Òmíràn fi í sí Íńdíà, òmíràn fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí Ṣáínà. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, àwòrán ilẹ̀ ìjọba ṣì ń sọ pé ààlà ibẹ̀ kò tíì dájú.

Nehru gbà pé Íńdíà àti Ṣáínà ni yóò gbé Éṣíà dìde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1954, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn lórí òwò Tibet, wọ́n sì kọ ìlànà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Panchsheel sínú rẹ̀: ọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ ara wọn, àìkọlu ara wọn, àìdásí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ara wọn, ìbádọ́gba, àti gbígbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Nehru àti Zhou Enlai jọ jókòó ní Bandung. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ní ọdún 1954 kan náà ni Nehru pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ àwòrán ilẹ̀ tuntun, kí wọ́n fa ìlà tó dájú yí Aksai Chin ká, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò bá Ṣáínà sọ ọ́. Bí àṣìṣe kan bá wà tí gbogbo àwọn yòókù ti jáde, èyí ni.

Ní ọdún 1957, Ṣáínà kéde pé òun ti parí ojú ọ̀nà kan láti Xinjiang lọ sí Tibet. Aksai Chin ló gbà kọjá. Títí wọ́n fi la ọ̀nà náà tán, ìjọba Delhi kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀ tí yóò rí wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1959, àwọn ará Tibet dìde ní Lhasa, Dalai Lama sá wọ Íńdíà, Beijing sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun gbogbo tí Delhi bá ṣe. Ní oṣù Kẹjọ, ìbọn dún ní Longju. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n pa àwọn ọlọ́pàá Íńdíà ní Kongka. Nehru kó àwọn lẹ́tà tí òun àti Zhou ti kọ síra wọn jáde fún àwọn aṣòfin. Ìwà ọmọlúàbí ìjọba tiwa-n-tiwa ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí bí ó ṣe lè fi ìwọ̀n ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1960 ni Zhou wá sí Delhi. Ohun tó gbé wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló gbà sọ ọ́, ni pé kí Ṣáínà fara mọ́ ìlà McMahon ní ìlà-oòrùn, kí Íńdíà náà sì fi Aksai Chin sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Lójú ẹni tó ń wò ó lónìí, ọjà náà kò burú. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà ti sọ, nínú ọ̀rọ̀ Berubari, pé ìjọba kò lè fi ilẹ̀ Íńdíà fún orílẹ̀-èdè mìíràn láìtún ìwé òfin ṣe. Àwọn aṣòfin ń pariwo, àwọn ìwé ìròyìn ń gbóná, àwọn mínísítà Nehru fúnra wọn sì gbójú líle pàdé àlejò náà. Zhou padà lọ́wọ́ òfo.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè ní ìlànà ìtẹ̀síwájú. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1961, Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àgọ́ kéékèèké sí iwájú àti sẹ́yìn àgọ́ àwọn ará Ṣáínà. Sọ́jà bíi mélòó kan ló wà nínú òmíràn, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sí wọn. Olórí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, B. N. Mullik, ló fọkàn ìjọba balẹ̀ pé Ṣáínà kò ní jà. Àwọn ọ̀gá ológun kan ní iwájú kọ̀wé pé agbára àwọn kò gbé e. Ìwé wọn kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Dhola dé, B. M. Kaul tí wọ́n fi ṣe olórí ogun níbẹ̀ kò tíì darí ogun rí. Àwọn ọmọ ogun tó kó gun òkè wọ aṣọ òwú nínú òtútù, ìbọn ayé ogun àgbáyé ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ṣáínà kọlù wọ́n ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹwàá, ní ìlà-oòrùn àti ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà gbójú mọ́ ọ̀rọ̀ ohun ìjà Kúbà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Tawang ti bọ́. Krishna Menon, mínísítà fún ètò ààbò, fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, ní Rezang La ní Ladakh, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kumaon kan tó tó 120 jà títí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fi kú pẹ̀lú ọ̀gá wọn, Shaitan Singh. Ní ìlà-oòrùn, Se La àti Bomdila bọ́ láàrin ọjọ́ méjì. Nehru, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wàásù pé kí orílẹ̀-èdè má ṣe bá ẹgbẹ́ ogun kankan lọ, kọ̀wé sí Kennedy pé kó fi ọkọ̀ òfuurufú ogun ran òun lọ́wọ́. Lójú rẹ̀, ẹni tó ní kó kín òun lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Lójijì, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, Ṣáínà kéde pé òun dá ogun dúró, òun yóò sì fà sẹ́yìn. Ó fi ìlà-oòrùn sílẹ̀, ó di Aksai Chin mú. Àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó kú jẹ́ 1,383, àwọn tí wọn kò rí jẹ́ 1,696, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000. Ṣáínà ní 722 ni tiwọn.

Ní oṣù Kejìlá, Sirimavo Bandaranaike, Olóòtú Ìjọba Ceylon, pe orílẹ̀-èdè márùn-ún sí Colombo láti parí ìjà: Burma, Indonesia, Cambodia, Íjíbítì àti Ghana. Ghana nìkan ló ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán fún Nkrumah. Ó ti kọ̀wé sí Olóòtú Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú pé inú òun kò dùn sí ìrànlọ́wọ́ tó fẹ́ ṣe fún Íńdíà, ìyẹn sì dun Delhi. Àbá Colombo ni pé kí Ṣáínà fà sẹ́yìn fún 20 kìlómítà ní Ladakh, kí Íńdíà dúró síbi tó wà, kí ibi tó ṣófo má ní ọmọ ogun. Íńdíà gbà á pátápátá. Ṣáínà ní òun gbà á, ṣùgbọ́n ó fi àwọn àyàfi kan sí i tó sọ ọ́ di asán. Àwọn tó jókòó kò sì fẹ́ pe ẹnikẹ́ni ní afipájagun, èyí tó jẹ́ ìjákulẹ̀ ńlá fún Nehru. Ó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1964.

Lẹ́yìn náà, Íńdíà kó ọmọ ogun jọ. Pakistan àti Ṣáínà di ọ̀rẹ́. Ṣáínà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní ọdún 1964, Íńdíà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1974. Ọdún 1988 ni Rajiv Gandhi tó lọ sí Beijing, àdéhùn ọdún 1993 àti 1996 sì tẹ̀ lé e. Ti ọdún 1996 ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn láàrin kìlómítà méjì sí ìlà tí ẹ̀ṣọ́ méjèèjì ń ṣọ́. Wọ́n pààrọ̀ àwòrán ilẹ̀ apá àárín ààlà náà. Ti apá ìwọ̀-oòrùn kò ṣeé ṣe. Nítorí náà, ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọmọ ogun méjèèjì pàdé ní àfonífojì Galwan, òkò àti kùmọ̀ ni wọ́n fi para wọn. Ogún ọmọ ogun Íńdíà ló kú. Ṣáínà jẹ́wọ́ mẹ́rin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí bí àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò ṣe máa rìn níbẹ̀.

Ní ọdún 1963, ọ̀gágun Henderson Brooks àti Bhagat kọ ìròyìn ìwádìí lórí ìdí tí Íńdíà fi pàdánù. Akọ̀ròyìn kan gbé apá kan rẹ̀ sí ìta ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n ìjọba Delhi, láti orí ẹgbẹ́ òṣèlú kan dé orí èkejì, kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde.