Kí Ìyá Tó Mọ̀ Pé Oyún Ti Dúró

Island Maternity là ń bá lọ lónìí, ilé ìwòsàn tó ti ń gbẹ̀bí láti 1960. Bí ẹ bá dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti bí yín.

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í tètè sọ̀rọ̀ oyún. Á dákẹ́ títí ikùn yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò burú. Àmọ́ fún obìnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn ọ̀sẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ewu pọ̀ sí.

Báwo la ṣe mọ̀? Nígbà kan rí, obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ kì í sábàá lóyún; bó bá lóyún, ẹ̀mí òun àti ọmọ wà nínú ewu. Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best rí insulin ní Toronto, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Ṣùgbọ́n àbùkù ọkàn àti ti ògóóró ẹ̀yìn ṣì pọ̀ lára àwọn ọmọ wọn ju ti ọmọ àwọn ìyá mìíràn lọ.

Ní 1979, James Mills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣírò ìgbà tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ń di dídá. Wọ́n rí i pé kí ọ̀sẹ̀ keje oyún tó pé ni àbùkù yìí ti ń wọlé. Lọ́sẹ̀ keje, ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì gba káàdì.

Kí ló ń fà á? Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń wọ inú ọlẹ̀. Ẹ ronú nípa jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì: èéfín á pọ̀ ju ohun tó lè jáde lọ. Èéfín inú ara yìí ni wọ́n ń pè ní oxidative stress. Ní 1991, Ulf Eriksson ní Uppsala, ní Sweden, ròyìn pé ọlẹ̀ eku tí wọ́n tọ́ nínú omi oníṣúgà púpọ̀ ń bà jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi èròjà tó ń pa èéfín náà kún un, àbùkù dín kù.

Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ lọ máa ra àgbo kiri o. Ṣúgà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Àyẹ̀wò A1c ń sọ bó ṣe rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó lóyún.

Ẹ lè fi oyún pa mọ́ fún gbogbo àdúgbò. Àmọ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ bímọ, kí oyún tó dúró.