Ìtàn Lẹ́tà Méjì Inú Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin náà mọ lẹ́tà méjì tí a máa ń bi ara wa léèrè kí ìgbéyàwó tó wáyé: AA, AS, AC. Ìtàn wọn kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn baba wa ti mọ àìsàn náà tipẹ́. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n pè é. Nínú àwọn ọmọ tí a sọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́, òun ni ó pa àwọn kan. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ibà náà kó tirẹ̀ lọ.

Ní 1910, James Herrick, dókítà ní Chicago, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fà á. Arne Tiselius ará Sweden ni ó la ọ̀nà. Láàárín àwọn ọdún 1930, ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi agbára iná mànàmáná ya àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Electrophoresis ni orúkọ ọ̀nà náà. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi dán èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ wò: ìrìn ti aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní 1950, Harvey Itano àti James Neel rí ẹ̀kẹta, C. Eléyìí kàn wá gan-an, nítorí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ti wọ́pọ̀ jù.

Ẹ wò ó bí eré ìje: A ni ó máa ń ṣíwájú, S a tẹ̀lé e, C a sì gbẹ́yìn. Ẹni tí ó jẹ́ AS yóò fi ìlà méjì hàn.

Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí ó kàn ń wò ó bóyá S wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì rí C rárá. Báyìí ni wọ́n ṣe lè pe ẹni tí ó jẹ́ AC ní AA. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SC. Ìrora SC sábà máa ń rọjú ju ti SS lọ, ṣùgbọ́n ó tètè ń ba ojú jẹ́.

Ní 1966 ni Ireland ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, nítorí àrùn tí ó wà nínú ìran tiwọn. Ẹ má ṣe rò pé ìyẹn ti gba iṣẹ́ tiwa ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Crumlin ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wa tó ní àìsàn yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń wá S nìkan, kò tíì sọ ohunkóhun nípa C.