Ọ̀nà Orí Àpáta ní Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó dorí kọ gúúsù, yóò rin ilẹ̀ pẹrẹsẹ pẹ́. Oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́, igi òrí àti igi kajú ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì, yóò sì ti kọjá Kìlìbò kí ojú rẹ̀ tó rí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ yóò yọ lókèèrè, dúdú, róbótó, ara wọn dán, wọ́n dá dúró láàrin pápá.

Ilẹ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe àjèjì síra wọn. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Tchaourou. Wọ́n ń bá àwọn Bàrùbá gbé pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tóbi jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀, tó lé ní 7,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ sì sọ pé láti apá Bàrùbá ni ìdílé ọba Babagidai ti wá, kí wọ́n tó gba oyè lọ́wọ́ àwọn Amùṣù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí ni pé láti ìhà àríwá, níbi tí Tchaourou wà lónìí, ni àwọn ọba náà ti gba pápá kọjá wá sí ẹsẹ̀ òkè.

Kí ló dé tí wọ́n fi dúró sí ẹsẹ̀ òkè? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Abomey, olú-ìlú Dàhòmì.

Ní ayé Ghezo, tó jọba láti 1818 sí 1858, àti ní ayé ọmọ rẹ̀ Glele, tó jọba títí di 1889, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì a máa jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti kó ènìyàn lẹ́rú. Ọgbọ́n ogun wọn kò fara sin. Wọn a fi ìlú tí wọ́n ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, wọn a dó sínú igbó lọ́nà jíjìn, wọn kò sì ní dáná. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a rìn lóru, wọn a yí ìlú ká. Ní ìdájí, nígbà tí ará ilé kò tíì jí tán, ìbọn á dún. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ọgbọ́n yìí bá mu, nítorí ẹni tó wà nílùú kò lè rí ju ẹ̀yìn oko rẹ̀ lọ.

Òkè-Ọ̀dàn mọ̀ ọ́n. Ìlú pápá ni, wọ́n sì pa á run ní 1848. Ọmọdébìnrin kan wà lára àwọn tí wọ́n kó, Aina lorúkọ rẹ̀. Ní 1850 ni Ghezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria, ayé sì wá mọ̀ ọ́n sí Sarah Forbes Bonetta. Kétu náà mọ̀ ọ́n. Kétu kò ní òkè, nítorí náà ó mọ odi, ó gbẹ́ yàrà, ó kọ́ ẹnubodè Ìdẹ̀nà tó ṣì wà títí dòní. Síbẹ̀ Dàhòmì dó tì í títí tó fi ṣubú ní 1886. Ẹni tó bá ń gbóríyìn fún odi Kétu, ó yẹ kó rántí pé ọwọ́ ènìyàn ló mọ ọ́n, pẹ̀lú òógùn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti Ìdáàṣà, ìlú olókè mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀, ní odi tí wọn kò kọ́.

Òkúta líle ni àwọn àpáta yìí. Jìnnà sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni òkúta náà ti yọ́, tó sì tutù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dì, kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé. Òjò àti oòrùn wá ń jẹ ilẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí tó fi dá nìkan hàn. Wilhelm Bornhardt, onímọ̀ ilẹ̀ ará Jámánì, rí irú wọn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó sì pè wọ́n ní òkè erékùṣù nínú ìwé rẹ̀ ní 1900. Dúdú tó wà lára wọn kì í ṣe àwọ̀ òkúta. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ló bo ojú àpáta. Bí oòrùn bá gbẹ wọ́n, ẹsẹ̀ á dì wọ́n mú dáadáa. Bí òjò bá rọ̀ sí wọn, wọ́n á yọ̀ débi pé ará ibẹ̀ pàápàá á wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Ọ̀nà orí àpáta tí à ń sọ kì í ṣe ọ̀nà àgùnlọ-àgùnbọ̀ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkè ṣe odi gbọ́dọ̀ lè yí i po, nítorí ọ̀tá lè gba ìhàkíhà wá. Ìdí nìyí tí ìrìn orí àpáta fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, tí yóò gba inú igbó tó wà láàrin àwọn òkúta ńlá kọjá, tí yóò gun ẹ̀yìn àpáta, tí yóò sì bọ́ sílẹ̀ ní ìhà kejì kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ kò le. Ẹ̀yìn àpáta ni iṣẹ́ wà. Kò sí igi, kò sí koríko tí ọwọ́ lè dì mú. Ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lósì, ẹni tí òyì ń kọ́ sì gbọ́dọ̀ jókòó kó máa wọ́ ìdí. Lọ́sàn-án gangan, ooru ojú àpáta lè kọjá 50 dígírì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa gùn ún kí oòrùn tó yọ.

Ẹni tó bá ru iṣu, tó pọn ọmọ, tó sì gbọ́ ìbọn lẹ́yìn, kò ní àǹfààní láti yan wákàtí.

Àǹfààní òkè ni pé ó ba ìdájí Dàhòmì jẹ́. Olùṣọ́ tó wà lórí àpáta ń rí èéfín, ó ń rí ẹyẹ tó ṣàdédé fò, ó ń rí eruku ọ̀nà, kí ọ̀tá tó dé. Ẹni díẹ̀ tó wà lókè sì lè fi òkúta yíyí ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gùn bọ̀ lẹ́rù. Ìtàn yìí kò wọ́n láàrin àwọn ìlú olókè. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé òkè gba gbogbo ènìyàn là. Ẹni tó wà ní oko nígbà tí ogun dé, ẹni tí ara rẹ̀ kò le, aláboyún, wọ́n ń há sí ẹsẹ̀ òkè. Ìgbà ogun sì ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi inú kòtò àpáta ti gbẹ. Ìtàn Ìbàdàn kò fi ìṣòro yìí pamọ́: nígbà tí Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun Òkè-Ìbàdàn, èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ.

Láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà ààbò kan náà ni wọ́n ń gbà. Ṣakí ní Òkè Àsabàrí, tí oríkì ìlú náà kì í fi sílẹ̀. Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1830 lẹ́bàá àpáta Olúmọ, lé Dàhòmì padà ní 1851 àti ní 1864. Ojú ọlọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan ṣì hàn lára àpáta Olúmọ, fún ẹni tó bá rò pé àwọn jagunjagun nìkan ló lo òkè.

Ogun Dàhòmì parí nígbà tí Dodds, ọ̀gágun Faransé, wọ Abomey ní oṣù kọkànlá 1892, tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, sì fi ara rẹ̀ lé àwọn Faransé lọ́wọ́ ní 1894. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1898 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ṣakí wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou wà lọ́wọ́ Faransé, ìbátan sì pín sí ilẹ̀ méjì. Láti ìgbà náà ni pápá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ará òkè sọ̀ kalẹ̀, nítorí oko dára níbẹ̀, ọjà sì súnmọ́ ọn. Ojú irin láti Cotonou dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ló gba Tchaourou kọjá dé Parakou, ó sì jẹ́ 438 kìlómítà. Ibùdókọ̀ ojú irin di àárín ìlú.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló fi ìfẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó Òkèhò kúrò lórí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní 1917. Ìjọba kò fẹ́ kí àwọn tó ń bá a jà ní ibi gíga tí wọ́n lè sá sí. Ìdánrè ní tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní 1923, ó fi ààfin, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lókè, ẹni tó bá sì fẹ́ rí wọn lónìí yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600.

Ìdáàṣà, tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òkè 41 ló yí i ká, ló jẹ́ kí a rí bí gígùn òkè ṣe yí ìtumọ̀ padà láìparẹ́. Láti 1954 ni àwọn Kátólíìkì ti ń rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ihò àpáta Arígbó níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, èrò á ti Tchaourou, Parakou, Cotonou àti Nàìjíríà dé. Ibi tí òkè ti ń pa ènìyàn mọ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń pe ènìyàn wá.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń gun àpáta fún ìgbádùn báyìí, àwọn àlejò sì ń wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn àgbà, nítorí ojúbọ wà lórí àwọn òkè wọ̀nyí, ẹni tí kò bá sì mú ará ìlú dání kò ní mọ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀. Bàbá Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì tí wọ́n fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928, gba ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà Études dahoméennes tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1964. Ipasẹ̀ orí àpáta nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí: kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Tchaourou, Kìlìbò àti Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ̀lé àgbà kan yí òkè po nígbà ọyẹ́, tí ojú àpáta gbẹ, kí wọ́n béèrè ibi tí olùṣọ́ ń dúró sí, kòtò tí omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀, ihò tí àwọn ìyá kó ọmọ wọ̀, kí wọ́n ya àwòrán ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń pè é sí abẹ́ rẹ̀.