Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Kì Í Dúró Deni

Ẹni tó bá ti ka ìwé ìrántí ẹgbẹ́ mìíràn rí á máa retí kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, kí ó ka orúkọ àwọn alága lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì parí sí oríṣiríṣi aṣọ tí a ti dá. Ìyẹn ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé yìí. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé àwa ìgbìmọ̀ ìtàn lọ́wọ́ yàtọ̀. Wọ́n ní kí á sọ ìtàn ọtí tó wà nínú akèǹgbè lórí tábìlì yín lónìí, kí á sì sọ bó ṣe débẹ̀.

Ìpàdé kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Akápò wa ka ìnáwó ọdún mẹ́wàá sí wa létí, owó ọtí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa béèrè pé, kí ìgò tó dé, kí ni àwọn bàbá wa ń mu nígbà tí ẹgbẹ́ bá jókòó? Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹmu, ọtí ọkà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ó tún béèrè pé, ta ló lè pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nínú wa, àtọkùnrin àtobìnrin? Ilé pa lọ́lọ́. Orúkọ ọtí wà lẹ́nu wa, iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa.

Ọtí ọkà kì í ṣe nǹkan àná nílẹ̀ Yorùbá. Ọkà bàbà ti wà lóko wa kí àgbàdo tó dé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Ó dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí àwọn ará Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í bá etí òkun Áfíríkà ṣòwò. Àwọn ìyá wa gbà á bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe ọkà bàbà: wọ́n sè é jẹ, wọ́n lọ̀ ọ́ di ògì, wọ́n sì fi pọn ọtí. Èyí tí wọ́n fi àgbàdo pọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ka ọtí pípọn mọ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin. Bí ẹmu dídá ti jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin lórí ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọtí ọkà jẹ́ iṣẹ́ obìnrin nídìí ààrò.

Iṣẹ́ náà sì jinlẹ̀ débi pé ó sọdá òkun. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn bọ́ sílẹ̀, ohun tó wà lórí wọn bá wọn lọ. Títí di òní olónìí, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀ ní ohun mímu kan tí wọ́n ń fi àgbàdo, ọsàn kíkan àti àdídùn ìrèké ṣe. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni chequeté. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn á mọ̀ pé orúkọ ilé ni.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ nínú èyí. Ó kàn wá gidigidi. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ẹgbẹ́ ọ̀gbà ni iṣẹ́ àáró àti ọ̀wẹ̀ wà. Àáró ni kí á jọ ṣe oko tèmi lónìí, kí á jọ ṣe tìrẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́ tàbí oko ṣíṣán, bẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Kò ní san owó fún wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bọ́ wọn yó, kí ó sì gbé ọtí kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ á ti rẹ ọkà sómi ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ọkà á wà nínú omi fún ọjọ́ 2, á wà nínú ewé fún ọjọ́ 4 títí á fi hù, á sá nínú oòrùn fún ọjọ́ 2. Sísè àti kíkan rẹ̀ á gba ọjọ́ 2 tó kù.

Obìnrin náà kò gbọ́dọ̀ yá jù, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ jù, nítorí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró deni. Ó dùn lọ́jọ́ kìíní, ó le lọ́jọ́ kejì. Tó bá fi di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó ti kan kọjá mímu. Ọjọ́ tí ọkà bá wọ omi, ọjọ́ iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Ẹlẹ́gbẹ́ tó bá yẹ àdéhùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ló já kulẹ̀; ó ti fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá obìnrin kan ṣòfò.

Lẹ́yìn náà ni ìgò dé. Láti òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kó bíà wọlé. Ní 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1971, wọ́n fi orúkọ International Breweries sílẹ̀ fún ìlú Iléṣà wa yìí, lábẹ́ ọmọ wa, Olóyè Lawrence Ọmọlé. Ní oṣù kejìlá 1978, ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Inú Ìjẹ̀ṣà dùn, ó sì yẹ kó dùn. Àwọn ọmọ ìlú ríṣẹ́. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ owó oṣù tí bàbá wọn gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi kàwé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìgò lè ṣe tí akèǹgbè kò lè ṣe. Wọ́n ń fi òdòdó kíkorò kan tí wọ́n ń pè ní hops sí i, wọ́n ń sẹ́ ẹ títí á fi mọ́ kedere, wọ́n ń dé e pa, wọ́n sì ń fi ooru pa ohun tó lè mú un kan. Nítorí náà, ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìgò lè dúró deni. Bí ìpàdé bá yẹ̀ lónìí, á ṣì wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Báálì, ọkà àwọn ilẹ̀ olótùútù, ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń pọn bíà, wọ́n sì ń fi owó ńlá rà á láti òkèèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó o wọlé. Níbo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yíjú sí? Ọkà bàbà àti àgbàdo ni. Ohun tí àwọn èèyàn ti ń pè ní ọkà ọtí àwọn ará oko ni wọ́n padà gbé wọnú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ọkà bàbà ti di ohun tí a ń fi ṣe bíà ní Nàìjíríà.

A wá pinnu pé a ó pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ọdún kẹwàá. A kò wá àgbà lọ. A rò pé ẹni tó ti jẹ ògì láti kékeré kò lè ṣi àgbàdo mú. A ra kóńgò 4 ní ọjà, a rẹ ẹ́, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó nínú apẹ̀rẹ̀, ó hù dáadáa. A sá a, a gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Títí débẹ̀ a kò ṣìṣe. Nígbà tó di ọjọ́ sísè, a gbé omi ka iná gáàsì, ó hó yaya, a sì da ìyẹ̀fun náà sínú rẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, ó ti ki gbagidi. A bomi là á, a dé e, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3. Nígbà tí a ṣí i, òórùn ògì tó ti ṣá ló kí wa. Kò dùn, kò pani. Ẹ̀kọ la rò, a kò pọntí. Ewúrẹ́ alága ló jẹ gbogbo rẹ̀, alága fúnra rẹ̀ sì ní kí á kọ ọ́ síbí.

Ìgbà náà la tó ranti màmá ọ̀kan nínú wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ròyìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ pa ọkà náà ni. Àtinú omi tútù ni omi òun ọkà ti ń jọ rin ìrìn-àjò lọ sínú iná. Ẹ jẹ́ kí iná rọra mọ̀ wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ màmá jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí ọkà bá hù, agbára kan máa ń jí nínú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ di àdídùn. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ títí dé omi gbígbóná tí kò tíì hó ni agbára yìí fi ń ṣiṣẹ́. Omi híhó a pa á lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí àdídùn, ìwúkàrà kò ní ohun tí yóò jẹ, bí ìwúkàrà kò bá sì jẹ, ọtí kò sí. Igi tí àwọn ìyá wa ń kó sídìí ààrò, tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ni àṣírí iṣẹ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

A bẹ màmá kí wọ́n kọ́ wa. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí ọmọ wọn pàápàá kò gbọ́ rí. Wọ́n ní lọ́dún kan, àwọn pọn orù 3 de ẹgbẹ́ ọkọ àwọn. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ dé, ẹnìkan nínú wọn gbé kéréètì bíà wọlé, gbogbo wọn sì kọjú sí i. Kò sẹ́ni tó bú nínú orù. “Wọn ò bú mi, wọn ò nà mí. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo da orù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù fún adìẹ. Mo fọ orù, mo dojú wọn délẹ̀. N ò kọ́ ọmọ kankan.”

A kò mọ ohun tí a ó sọ. Àwa náà mọ̀ pé nínú ìpàdé wa, àwọn kan ti sọ pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò yẹ lórí tábìlì àwọn ènìyàn ńlá, pé ọtí tálákà ni. A jẹ́wọ́ rẹ̀ fún màmá. Wọ́n wò wá, wọ́n ní, “Ẹ lọ ra ọkà wá.”

Orù wọn kan ṣì wà, ó dojú délẹ̀ lẹ́yìn ilé. A fi igi sè é láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kó tutù. Màmá ní kí á bu ahá ẹmu àárọ̀ kan sí i kí ó lè tètè ru. Kí ó tó ru, wọ́n bu èyí tó ṣì dùn bí omi ìrèké sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa tí kì í mutí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orù náà ń sọ̀rọ̀ labẹ́ ìdérí. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní, “Ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí ni.” Kò sí ìyìn kankan tí ẹgbẹ́ wa gbà láàárín ọdún mẹ́wàá tó dùn mọ́ wa tó èyí.

Ohun tó kù ni ẹ̀kọ́ tí a kò retí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti sún àpèjẹ yìí síwájú. Nígbà kan gbọ̀ngàn kò sí, nígbà kan àwọn tó wà ní Èkó kò ráyè. Ìgò kì í bàjẹ́, nítorí náà a ń sún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá sí òní, màmá àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa 3 tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn rẹ àgbàdo sómi. Akọ̀wé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé: “Ọkà ti wọ omi.” Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún dábàá kí á sún ọjọ́ mọ́. Àwọn tó wà ní Èkó ti dé láti àná.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlejò wa, ìgò wà, ẹ mu èyí tó wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa bu díẹ̀ nínú akèǹgbè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dé e sínú ìgò gbé lọ sílé. Ó ṣì ń ru, ó lè fọ́ ìgò mọ́ yín lọ́wọ́. Ibí ni a ti ń mu ún, òní sì ni. Màmá wà lórí àga níwájú, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró de ìkíni náà.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ọdún á yabo fún tọmọdé tàgbà. Bí a ṣe pé lónìí, a kò ní dín.