Àṣá Tó Kọ́ Ìtẹ́ Sórí Ilé Olówó

Ọ̀rọ̀ àṣá la mú wá lónìí, kì í sì í ṣe èyí tó ń gbé òròmọdìẹ lábúlé. Ìlú New York ni tiwa ti ṣẹlẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1991, àwọn tó máa ń wo ẹyẹ ní Central Park, ọgbà ńlá àárín ìlú náà, rí ọ̀dọ́ akọ àṣá kan onírù pupa. Ara rẹ̀ funfun ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Pale Male. Orí igi ni irú wọn sábà máa ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ní 1993, òkè fèrèsé kan ní 927 Fifth Avenue, ilé alájà méjìlá tí àwọn olówó ń gbé, ni òun àti abo rẹ̀ yàn. Irin ṣóńṣó ti wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ń lé ẹyẹlé. Irin yẹn gan-an ló di igi ìtẹ́ wọn mú! Ní 1995 wọ́n pamọ.

Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Lójoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kóra jọ sínú ọgbà, tí wọ́n ń gbé awò sójú wò wọ́n.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2004, àwọn onílé ní kí wọ́n tú ìtẹ́ náà, tirin-tirin. Wọ́n ní òkú ẹran ń já bọ́ sí ojú ọ̀nà. Ká má purọ́, ta ni inú rẹ̀ á dùn tí ìfun ẹyẹlé bá já lé e lórí? Òfin ọdún 1918 dáàbò bo irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2003 ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ìtẹ́ tí kò bá ní ẹyin tàbí ọmọ nínú ṣeé tú. Oṣù Kejìlá kì í ṣe ìgbà ẹyin. Òfin kò lè gbà wọ́n.

Àwọn ará ìlú ló gbà wọ́n. Wọ́n dúró sí iwájú ilé náà nínú òtútù, awakọ̀ tó ń kọjá ń fun fèrè fún wọn. Mary Tyler Moore, gbajúmọ̀ òṣèré tó ń gbé inú ilé náà, bá wọn dúró lòdì sí àwọn alájọgbé rẹ̀. Ẹgbẹ́ Audubon bá àwọn onílé dúnàá-dúrà, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, wọ́n ti dá irin náà padà, wọ́n sì ṣe pẹpẹ sí i.

Àwọn àṣá náà padà, wọ́n tún ìtẹ́ kọ́. Àmọ́ fún ọdún mélòó kan, ẹyin tí wọ́n yé níbẹ̀ kò pa.

Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìròyìn kàn pé Pale Male ti kú. Àwọn kan ń jiyàn títí dòní pé òun kọ́, nítorí àṣá inú igbó kì í sábà pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí òrùka lẹ́sẹ̀ rẹ̀.